Ohun tí òkè Kyalami kọ́ mi

Ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pinnu bí eré mọ́tò ṣe máa rí, kí ọ̀rọ̀ tó kan ẹ́ńjìnnì, kó sì tó kan ọwọ́ ẹni tó di sítíà mú. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù títí, débi pé bí mo bá ti la ẹnu báyìí, àwọn ni wọ́n máa ń bá mi parí rẹ̀. Mekáníìkì ni mí nílùú Ìlọrin. Ọmọ Òró ni mí. Ibi méjì ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa ilẹ̀ àti ọkọ̀: ojú ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí ilé wa, àti pápá eré mọ́tò kan tó ń jẹ́ Kyalami.

Kyalami wà ní Midrand, láàárín Johannesburg àti Pretoria, ní South Africa. Ọdún 1961 ni wọ́n ṣí i. Fídíò àwọn eré àtijọ́ ni mo fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, torí pé bí mo bá ti palẹ̀ iṣẹ́ mọ́ lálẹ́, eré mọ́tò lèmi máa ń wò nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ lápá ibẹ̀ ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n sì mú mi débẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn kan ń sá ọkọ̀. Ohun tí fídíò kò fi hàn mí rí, ẹsẹ̀ mi ló fi hàn mí: ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú rárá. Bí a ṣe ń rìn láti ibi tí a gbé ọkọ̀ sí, ni mò ń mí gúlegúle. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Òkè la wà níbí o, àbúrò. Rọra máa rìn."

Bí iṣẹ́ bá dá lọ́sàn-án, mo máa ń mú ṣọ́ọ̀kì, mo sì máa ya Kyalami àtijọ́ sórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù fún àwọn ọmọ. Ti àtijọ́ ni mo máa ń yà, torí òun ló ní ìtàn. Ó lé díẹ̀ ní kìlómítà mẹ́rin, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni wọ́n sì ń yí i. Títì gbọọrọ kan ló kọjá níwájú àwọn òǹwòran àti ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Lórí títì gbọọrọ yẹn, ilẹ̀ yọrí sókè díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá dagẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ títí dé kọ́nà ọ̀tún tí wọ́n ń pè ní Crowthorne. Ẹ fi orí òkè kékeré yẹn sọ́kàn, torí òun ni mo torí ẹ̀ ń kọ̀wé yìí.

Crowthorne ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ya ara wọn sílẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti ń já bọ̀ láti òkè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ibẹ̀ náà ni awakọ̀ ti gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè rí, á sọ fún yín pé bíréèkì orí ilẹ̀ títẹ́ àti bíréèkì orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwúwo ọkọ̀ á rọ́ sórí táyà iwájú, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́, ìdí ọkọ̀ á sì fẹ́ máa yí wá síwájú. Ẹni tó bá tètè tẹ̀ ẹ́, wọ́n á kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ jù, inú iyanrìn ló ń lọ. Lẹ́yìn Crowthorne ni Barbeque àti Jukskei, àwọn kọ́nà eléré tí ẹni tí àyà rẹ̀ bá le kì í fẹ́ dín eré kù níbẹ̀. Sunset tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ Clubhouse, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn kọ́nà tó wọ́ bíi lẹ́tà S tí wọ́n ń pè ní Esses. Gbogbo ohun tó ti sọ̀ kalẹ̀ ní láti gòkè padà, Leeukop ló sì wà lókè níbẹ̀, kọ́nà ọ̀tún tó há, tó tún da ọkọ̀ padà sórí títì gbọọrọ.

Leeukop ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kùn nígbà méjì. Awakọ̀ tó bá jáde níbẹ̀ dáadáa, tó tètè to ọkọ̀ rẹ̀ gún, á gbé eré ọ̀hún gorí òkè, á sì gbé e dé Crowthorne. Ẹni tó bá ṣe wọ́bìà níbẹ̀, tó wọlé pẹ̀lú eré àsápajúdé, kò ní rí nǹkan kan mú jáde, gbogbo títì gbọọrọ ló sì máa fi san án. Kò sí ọgbọ́n ìwakọ̀ tó wúlò fún mi lọ́nà Òmù-Àrán tó èyí: bí mo bá rí kọ́nà tí òkè wà níwájú rẹ̀, mo máa ń dín eré kù kí n tó wọ̀ ọ́, kí n lè rí agbára gbé gun òkè láìsí pé mò ń yí gíà káàkiri. Epo tí ọkọ̀ mi ń jẹ dín kù, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì ń pẹ́.

Ní ti gíga ilẹ̀ náà, Kyalami fi nǹkan bíi 1,500 mítà ga ju òkun lọ. Ìlọrin tiwa kò ju nǹkan bíi 300 lọ. Afẹ́fẹ́ ibi gíga fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ àti epo sì ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, agbára á dín. Ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, tó ń sáré dáadáa létí òkun á pàdánù nǹkan bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní irú ibẹ̀, kò sì sí ohun tí mekáníìkì lè ṣe sí i ju pé kó dín epo kù kó bá afẹ́fẹ́ mu.

Mo ti fọwọ́ ara mi kan ọ̀rọ̀ yìí kí n tó mọ̀ pé Kyalami wà láyé. Nígbà tí Peugeot 504 ṣì kún ìgboro, bàbá kan wà tí wọ́n ń nájà láàárín Jos àti Ìlọrin. Jos náà ga, ó lé ní 1,200 mítà. Mekáníìkì wọn lọ́hùn-ún á ti dín epo kábùrétọ̀ kù, ọkọ̀ á máa lọ wẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá dé Ìlọrin, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á máa gbóná, á sì máa bú nínú kábùrétọ̀, torí afẹ́fẹ́ ti pọ̀, epo kò tó o mọ́. A ó tún un ṣe, ó di pé wọ́n padà sí Jos, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín dúdú bí ilé ìdáná. Bàbá náà ti ń wò ó pé bóyá ẹnìkan ló ń bá àwọn jà. Ọ̀gá mi nígbà náà, Àlhájì, ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, ọkọ̀ yín kò ní ọ̀tá kankan. Afẹ́fẹ́ ìlú méjèèjì ni kò dọ́gba." Wọ́n wá kọ́ bàbá náà bí wọ́n ṣe máa yí ìdè kékeré ẹ̀gbẹ́ kábùrétọ̀ ní ìlàjì nígbà tí wọ́n bá dé ìlú kọ̀ọ̀kan. Mo dúró tì wọ́n, mo di tọ́ọ̀ṣì mú, mo sì rí bí ohùn ẹ́ńjìnnì ṣe yí padà lábẹ́ ọwọ́ Àlhájì, láti orí wíwúkọ́ sí orí kíkùn tó dán mọ́rán.

Nítorí náà, nígbà tí mo kà nípa Renault àti tọ́bò, kò ṣòro fún mi láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tọ́bò kì í dúró de kí afẹ́fẹ́ wá fúnra rẹ̀, ńṣe ló ń fi ipá kì í wọ inú ẹ́ńjìnnì. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, ó ń rẹ àwọn ẹ́ńjìnnì tó kù, kì í rẹ ti tọ́bò tó wọn. Nígbà tí Renault kọ́kọ́ gbé e wọ Formula One, ìdíje eré mọ́tò tó ga jù lágbàáyé, ní 1977, ó máa ń bà jẹ́ ju bó ṣe ń sáré lọ. Àmọ́ Kyalami ni Jean-Pierre Jabouille ti gba ipò iwájú pátápátá fún ìbẹ̀rẹ̀ eré ní 1979, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ tọ́bò máa ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, René Arnoux fi Renault gba eré náà níbẹ̀. Alain Prost tún fi òmíràn gbà á ní 1982, lẹ́yìn tí táyà rẹ̀ ti bẹ́ tó sì ti pàdánù àyè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí gbogbo ayé eré mọ́tò fi di tọ́bò láwọn ọdún yẹn, kó bi àwọn tó kọ́ pápá eré sórí òkè.

Kí n má baà jẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀rọ nìkan ni mo nífẹ̀ẹ́ sí. Eré kan wà ní Kyalami tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí owó kò sí lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n rò pé ẹni tó bá ní irinṣẹ́ tuntun ló ń borí. Ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1967 ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí Kyalami máa gba eré tó wà nínú ìdíje àgbáyé. John Love, ará Bulawayo, wá pẹ̀lú Cooper tirẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré tí kò gùn tó ti Grand Prix, bí wọ́n ṣe ń pe eré Formula One kọ̀ọ̀kan. Denny Hulme ló ṣáájú títí bíréèkì rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí Crowthorne, bíréèkì ni ibẹ̀ ń jẹ. Àwọn ọ̀gá mìíràn náà ń já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, Love sì wà níwájú gbogbo wọn. Epo rẹ̀ ni kò tó. Ó ku ìwọ̀nba ìyípo díẹ̀ ló ní láti yà gba epo, Pedro Rodríguez ti Mẹ́síkò kọjá, Love sì ṣe ipò kejì. Lójú tèmi, ipò kejì yẹn tóbi ju ọ̀pọ̀ ipò kìíní lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1968, Jim Clark gba eré rẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n níbẹ̀, ó sì kọjá iye tí Fangio, awakọ̀ ọmọ Ajẹntínà tó gbà jù ṣáájú rẹ̀, gbà. Oṣù kẹrin ọdún náà ló kú ní Hockenheim, pápá eré kan ní Jámánì, kò gba eré Grand Prix mìíràn mọ́.

Mo ti dé orí òkè kékeré náà báyìí.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta 1977. Ọkọ̀ Renzo Zorzi, Shadow, dákú sí ẹ̀gbẹ́ òsì títì gbọọrọ, díẹ̀ ló sì kọjá orí òkè náà. Iná kékeré rú nídìí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì láti ọ̀ọ́kán, níbi ògiri tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, rí èéfín, wọ́n sì gbéra láti sá gba orí títì kọjá lọ paná. Wọn kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn ni Frederik Jansen van Vuuren, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, agolo apaná tó wúwo tó kìlógíráàmù 18 ló sì gbé dání. Láti ibi tí wọ́n dúró sí, títì ṣófo. Lójú àwọn awakọ̀ tó ń gun òkè bọ̀ lẹ́yìn, títì ṣófo náà. Ilẹ̀ ló fi ìhà méjèèjì pa mọ́ fún ara wọn.

Ọkọ̀ Hans-Joachim Stuck ló kọ́kọ́ yọ, ó sì ráyè yà. Tom Pryce wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́rẹ́, ó ń sá tó nǹkan bíi kìlómítà 270 láàárín wákàtí kan, ọmọ ẹgbẹ́ Shadow kan náà pẹ̀lú Zorzi sì ni. Kò rí ohunkóhun títí ọkọ̀ iwájú fi yà. Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ti kọjá tán. Pryce gbá èkejì, Jansen van Vuuren, agolo apaná náà sì ba Pryce lórí. Àwọn méjèèjì kú lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ Pryce kò dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ tààrà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé Crowthorne, ó sì kọ lu ọkọ̀ Jacques Laffite níbẹ̀. Zorzi jáde láàyè nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń sá lọ paná rẹ̀. Niki Lauda ló gba eré náà, eré àkọ́kọ́ tó máa gbà lẹ́yìn tí iná jó o ní pápá Nürburgring ní Jámánì lọ́dún tó ṣáájú. Irin kan láti ara ọkọ̀ Pryce há sábẹ́ Ferrari rẹ̀, síbẹ̀ ó gbé e dé òpin.

Mo ti wo àwọn eré àtijọ́ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n èyí kì í fi mí lọ́kàn sílẹ̀. Ọmọ náà ní ìwà rere tó pọ̀ jù. Ó rí iná lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó sáré. Ohun tí kò ní ni ẹni tó dúró lẹ́yìn òkè tó ń wo ohun tó ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni mo pinnu ohun tí màá máa kọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kí n tó fún un ní sípánà èyíkéyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Láti Ìlọrin, ẹ ó gba Gánmọ̀, Àmóyọ̀ àti Ìdófìan dé Ajàṣẹ́-Ìpo. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti pín: ọ̀kan lọ sí Ọ̀fà, èkejì gba Òró lọ sí Òmù-Àrán. Láti Ajàṣẹ́ lọ sápá ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀. Òkè tí kò ga tó nǹkan ni púpọ̀ nínú wọn. Òkè gíga, gbogbo ènìyàn ló ń rí i, wọ́n á sì bẹ̀rù rẹ̀. Òkè kékeré tó kàn ga tó láti fi ọkọ̀ tó dákú pa mọ́, òun ló ń pani.

Àwa mekáníìkì la máa ń gba ìpè lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ èrò kan bà jẹ́ lọ́nà Òmù-Àrán, awakọ̀ rẹ̀ pè mí, mo sì mú ọmọ iṣẹ́ méjì dání. Nígbà tí a dé ọ̀hún, mo rí i pé ọkọ̀ náà ti dúró sí ìsàlẹ̀ gẹ́rẹ́ tí òkè kan parí sí. Awakọ̀ ti gbé sí-kọ́ṣọ̀n sílẹ̀ lóòótọ́, ó gbé e sí nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ẹ̀yìn ọkọ̀, bí òfin ṣe yé e. Àwọn èrò sì jókòó sí etí títì, ìyá kan ń bu omi fún ọmọ rẹ̀ mu. Mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí nǹkan kan ju ojú ọ̀run lórí òkè lọ. Kò sí ẹni tó máa rí sí-kọ́ṣọ̀n yẹn títí yóò fi gorí òkè, nígbà yẹn ni yóò sì ti pẹ́ jù fún ọkọ̀ akẹ́rù.

N kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ṣẹ́ ewé tútù, ẹ̀ka ńláńlá, kó gbé sí-kọ́ṣọ̀n náà dání, kó gun òkè lọ sí òdìkejì. Mo ní kó da ewé sílẹ̀ láti ibi jíjìn, díẹ̀díẹ̀, kó sì dúró sínú igbó, kó má ṣe dúró sórí títì, kó máa ju ẹ̀wù rẹ̀ sókè bí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Èkejì dúró sórí òkè gan-an, níbi tí ó ti lè rí ọmọ àgbà lọ́hùn-ún àti èmi níhìn-ín, kó lè ké sí mi. Mo bẹ àwọn èrò pé kí wọ́n kúrò létí títì, kí wọ́n wọ inú koríko. Àwọn kan kùn, wọ́n ní ejò wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ìyá mi, ejò á sá fún yín. Tírélà kò ní sá."

Ìgbà tí mo fẹ́ tú bẹ́líìtì ni mo gbọ́ tí ọmọ orí òkè ké, "Ọ̀gá, ẹ kúrò!" Mo kúrò. Tírélà tó kó sìmẹ́ńtì gorí òkè wá. Ó ti dín eré kù, mo gbọ́ bí gíà rẹ̀ ṣe ń kùn, ó sì yà sí ọwọ́ òsì rẹ̀, lápá kejì títì, pẹ̀lẹ́, ó kọjá lọ. Awakọ̀ rẹ̀ na ọwọ́ jáde sí mi. Ewé ló rí, ọmọ mi ló rí, ó sì ti mọ ohun tó wà lẹ́yìn òkè kó tó dé orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Òfin ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn títí dòní. Ẹni tí yóò máa ṣọ́ orí òkè kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kì í bá wa di tọ́ọ̀ṣì, kì í lọ mú sípánà wá, kì í sì í wo fóònù. Àwọn oníbàárà máa ń bínú pé kí ló dé tí ènìyàn mẹ́ta wá tún nǹkan tí ẹnìkan lè tún ṣe. Mo máa ń ṣàlàyé fún wọn pé ẹni kẹta ni wọ́n ń sanwó ẹ̀mí fún.

Nǹkan mìíràn wà nínú ìtàn Kyalami tí n kò lè fi pamọ́ kí n máa sọ ti kọ́nà àti ẹ́ńjìnnì nìkan. Àlhájì ọ̀gá mi, tó kọ́ mi ní iṣẹ́, kì í fẹ́ wo eré mọ́tò South Africa nígbà tí mo bá ní kí wọ́n wá wo fídíò. Wọ́n á ní, "Ìwọ ò mọ ohun tí àwọn yẹn ṣe." Ìjọba ọ̀hún fi òfin ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ lórí ilẹ̀ baba wọn, nínú ọkọ̀ èrò, ní iléèwé, níbi ìjókòó. Nàìjíríà kò dákẹ́. Ní 1976, àwọn eléré ìdárayá wa kúrò ní Òlíńpíìkì Montreal nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1979, ìjọba wa gba ilé-iṣẹ́ epo BP, ó sì di African Petroleum, nítorí epo tó ń lọ sí South Africa. Àlhájì rántí ọjọ́ tí wọ́n yí àmì orí ilé epo padà. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni àwọn ti ń fi ìgbéraga ra epo ní AP.

Mo gbà fún wọn. Ìtàn pápá eré kò pé bí a bá yọ èyí kúrò, torí òun ló ṣàlàyé àlàfo tó wà láàárín ọdún. Ní oṣù kẹwàá 1985, ìjọba Faransé ní kí àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ wọn má lọ, Renault àti Ligier sì jókòó sílé. Eré wáyé síbẹ̀, Nigel Mansell ló gbà á, ṣùgbọ́n Formula One kò tún padà sí Kyalami títí di 1992. Mandela ti jáde lẹ́wọ̀n nígbà náà. Inú mi dùn sí Jody Scheckter tó gba eré ilé rẹ̀ níbẹ̀ ní 1975, tó sì di olúborí àgbáyé ní 1979, ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo tó tíì ṣe é. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé lọ́dún tó ń gba ife yẹn, ọmọ dúdú tó ní ẹ̀bùn kan náà ní Soweto kò ní ọ̀nà tó lè gbà débẹ̀. Ohun méjèèjì ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ, mi ò kì í sọ ọ̀kan láìsọ èkejì.

Ní ti 1982, mo kàn fẹ́ràn ìtàn náà ni. Àwọn awakọ̀ kọ̀ láti buwọ́ lu ìwé àdéhùn tí wọ́n gbé síwájú wọn, Lauda àti Didier Pironi ṣáájú, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì kan náà lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Johannesburg, wọ́n sì sùn sínú gbọ̀ngàn kan pọ̀. Elio de Angelis ń tẹ dùùrù fún wọn. Ẹni tó bá mọ bí àwọn awakọ̀ gàréèjì ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, kò ní yà á lẹ́nu.

Nígbà tí a ń tún sọ ti ilẹ̀: ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún Kyalami yà. Títì gbọọrọ àtijọ́ kò sí nínú ìlà tuntun mọ́, orí òkè kékeré náà sì bá a lọ. Mansell ló gba eré 1992 lórí ìlà tuntun, Prost gba ti 1993, láti ìgbà náà ni Formula One kò sì tíì wá sá eré nílẹ̀ Áfíríkà mọ́. Lọ́dún 2014 wọ́n gbé pápá náà sí gbàǹjo, Toby Venter rà á ní mílíọ̀nù 205 owó Rand, ó sì tún un ṣe. Ní oṣù kọkànlá 2019, eré oníwákàtí mẹ́sàn-án tó ti lókìkí níbẹ̀ látijọ́ padà.

Èyí tó wà báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ wò. Ibi kan wà tí wọ́n ń pè ní Mineshaft, títì já wálẹ̀ níbẹ̀ lójijì débi pé ọkọ̀ tó ń bọ̀ dà bíi pé ilẹ̀ gbé e mì kí ó tó tún yọ. A dúró níbi tí a ti lè rí i. Ohun tí mò ń wò, ẹ̀gbọ́n mi kò tètè mọ̀. Mò ń wo àwọn tó di àsíá mú. Ọ̀kan wà níwájú níbi tí awakọ̀ á ti rí i kí ilẹ̀ tó já, òmíràn wà nísàlẹ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ọkọ̀ kan yí sínú iyanrìn. Kò sẹ́ni tó sáré. Àsíá àwọ̀ ìyeyè kọ́kọ́ gòkè lọ́wọ́ ẹni tòkè, àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ dín eré kù, ìgbà yẹn ni àwọn kan tó wọ aṣọ olómi ọsàn gba ẹ̀yìn ògiri lọ bá ọkọ̀ náà. Mo yà á sí fóònù, mo sì ti fi han gbogbo ọmọ tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Àwọn ọmọ máa ń bi mí pé èwo ni màá fẹ́ kí Formula One padà wá sá lé lórí, ti àtijọ́ tàbí ti ìsinsìnyí. FIA, àjọ tó ń darí eré mọ́tò lágbàáyé, fún ti ìsinsìnyí ní ìpele kejì, ìpele kìíní sì ni Formula One ń béèrè, iṣẹ́ ṣì kù nìyẹn. Láti fi ojú wò ó, ti àtijọ́ dára jù, kò sí ìlà tuntun kankan tó lè rọ́pò títì gbọọrọ tó gun òkè tó sì já lọ sí Crowthorne. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ọmọ tèmi pé kó wá bá wọn gbé agolo apaná, ti ìsinsìnyí ni màá jẹ́ kó lọ.